Bàbá, Òjé Ni Wọ́n Fi Rọ́pò Ṣílè Yín

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ sọ mí lórúkọ,

Mo ti mọ̀wé kọ. Ẹ̀yìn ilé ìwé míṣọ̀n ni wọ́n ti ń kọ́ àwa àgbà ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń bá wọn jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé títí ọwọ́ mi fi mọ́ ọn lára. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ láìjẹ́ pé tíṣà ló ní kí n kọ ọ́ nìyí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò mọ̀wé, mi ò sì mọ ẹni tí yóò bá yín kà á níbi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú mi yìí, mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa, torí pé gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ, tí wọ́n sì gbé e mì bí òkèlè. Tèmi ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Ó ń rí mi lára, Bàbá.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Ìyá mi wà, orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti padà sínú ilé yín, yàrá tó kọjú sí tiyín ni mo wà, ẹ̀yìn ilé ni mo gbé òfì méjì tí mo fi ń hun aṣọ sí. Ọba Gẹ̀ẹ́sì tí orí rẹ̀ wà lára ṣílè nígbà tí ẹ lọ ti kú o, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jẹ. Sàlámọ́tù ọmọ mi, tí ẹ máa ń gbé sórí itan, ti ṣe Sitándáàdì Síìsì tán, ó sì yege. Iṣẹ́ tíṣà ló fẹ́ kọ́. Wọ́n gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n wọ́n ní a gbọ́dọ̀ san owó kí ó tó wọlé. Àyà mi ò já nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí mo gbà pé owó wà. Mo gbà pé àwọn ṣílè funfun yín wà lọ́wọ́ mi.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ṣe tí ẹ bá ti ọjà obì dé? Fìlà lẹ kọ́kọ́ máa ń bọ́, ẹ ó sì da owó ọjọ́ náà sínú rẹ̀. Àwọn ṣílè tó pọ́n bí idẹ, ẹ ó dá wọn sápá kan, ìyẹn ni owó ọjà. Bí funfun àtijọ́ bá wà níbẹ̀, èyí tó ní orí ayaba arúgbó tàbí ọba kan tó ti kú, ẹ ó jù ú sórí ọlọ ìyá mi, ẹ ó wá dẹ etí sí i bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. Fàdákà gidi máa ń ké pẹ́. Ẹ gbà pé ọba lè kú, kí ìjọba sì pààrọ̀ owó bó bá ti wù wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi fàdákà rọ ẹ̀gbà ọwọ́ kò ní béèrè orí ta ló wà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kó o jọ. Ẹ ò lówó, Bàbá. Dànṣíkí kan náà lẹ ń lẹ̀, tí ẹ tún ń lẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń pè yín ní ahun lẹ́yìn yín. Èmi mọ̀ pé àwa lẹ ń ro.

Nígbà tí a sin yín tán, wọ́n hú ìkòkò tí ẹ ń kó wọn sí jáde lábẹ́ ibùsùn yín, Alùfáà sì pín ohun tó wà nínú rẹ̀ bí òfin ti wí. Mi ò ráhùn sí ìpín tèmi. Ohun tó dùn mí ni bí ó ti yára tú ká. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín fi tirẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn gbé tiwọn fún ẹni tó ń rọ òrùka. Mo wá pinnu pé n ó kó wọn padà díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ta aṣọ kan, n ó mú ṣílè pupa kan nínú rẹ̀, n ó fi tọ́rọ́ lé e, n ó fi gba funfun kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní i. Mi ò ra gèlè. Gàrí la ń mu lọ́sàn-án, láìsí ẹja. Sàlámọ́tù kì í béèrè ìdí rẹ̀, ó mọ̀ pé nítorí òun ni.

Ìgbà náà ni Làmídì, àkọ́bí yín, gbọ́ ohun tí mo ń ṣe. Ẹ má bínú pé mo ń pè é ní “ó”. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyálé ìyá mi ni, mo sì mọ bí ẹ ti kọ́ wa. Mo gbìyànjú láti kọ “wọ́n”, ọwọ́ mi kọ̀.

Ó pè mí jókòó, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Kò yẹ kí obìnrin máa rìn kiri Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà nítorí ṣílè,” ó wí. “Fi í sílẹ̀ fún mi. Mo mọ àwọn tí ti Bàbá wà lọ́wọ́ wọn.”

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó máa ń mú wọn wá nínú kókó etí aṣọ, bíi méjì, bíi mẹ́ta. “Ti Bàbá ni,” ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, á sì mí kanlẹ̀. Nígbà kan, omi lé sí i lójú. N ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n, n ó san owó, n ó sì san tọ́rọ́ tó lé lórí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jù wọ́n sórí ọlọ lójú rẹ̀? Bí àbúrò bá yẹ ohun tí ẹ̀gbọ́n fún un wò, ṣé kò ti pè é lólè? Inú òwú ni mo ń kó wọn sí, nínú ìkòkò kan náà tí ẹ lò. Òwú kì í jẹ́ kí wọ́n dún.

Nígbà tí àkókò àti san owó ilé ẹ̀kọ́ tó, mo di gbogbo rẹ̀ mọ́ ìdí, mo wọ lọ́rì lọ sí Ìbàdàn, torí pé àwọn tó ń rọ fàdákà níbẹ̀ máa ń ra ṣílè àtijọ́ ní owó tó gbé pẹ́ẹ́lí. Ọkùnrin tí mo bá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń jù wọ́n sórí irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ké. Àwọn yòókù balẹ̀ bí ẹ̀kọ tó jábọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀kan, ojú funfun náà sì bó bí awọ, abẹ́ rẹ̀ dúdú.

“Ta ló fún yín ní èyí?” ó bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. “Òjé ni, ìyá. Wọ́n kàn fi fàdákà pa á lójú ni. Ẹ dì í, kí ẹ má ná an níbì kankan. Ẹ̀wọ̀n ni.”

Nínú lọ́rì tí mo wọ̀ bọ̀, mo gbóòórùn ọwọ́ mi. Òjé ní òórùn, Bàbá, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ irin. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ nígbà tí mo délé, mo tún fi kànìnkànìn bó o, síbẹ̀ mi ò lè fi ọwọ́ náà jẹun.

Iyán ni Làmídì ń jẹ nígbà tí mo wọlé tọ̀ ọ́. Kò dá oúnjẹ dúró.

“Bùrọ̀dá, òjé lẹ fún mi.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹni tó ń rọ fàdákà ní Ìbàdàn.”

Ó lá ìka. “O wá gbé ọ̀rọ̀ ilé wa dé Ìbàdàn?”

Ohun tó dùn ún nìyẹn. Kò sẹ́ ẹ; ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí wọ́n ti ṣe é. Àlejò kan wà tó gbà sínú yàrá ẹ̀yìn ní ọ̀gbẹlẹ̀, tó sọ fún wa pé bàsíà tó lu ni ọkùnrin náà ń fi òjé jó. Ìpín tirẹ̀ nínú ṣílè yín ni ó gbé fún un, wọ́n tẹ̀ wọ́n sínú amọ̀, wọ́n sì da òjé sójú rẹ̀. Àwọn ojúlówó wà nínú àpótí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó ń mí kanlẹ̀ níwájú mi.

“Ṣebí kí o lè máa rántí Bàbá lo ṣe ń wá a,” ó wí. “Kò ha jọ ọ́? Orí tó wà lára ti Bàbá náà ló wà lára rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ owó rẹ padà, kó wọn lọ bá ìyá elépo. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Tó bá ti fọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ á dùn pé ṣílè funfun lòun gbà.”

Ọbẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀, ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ahọ́n. Mo jáde. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo ti bì.

Ẹ mọ ìyá elépo, ìyá Olúpọ̀nnà tó gbé epo wá nígbà ìsìnkú yín tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Òun ni Làmídì ní kí n lọ rẹ́ jẹ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ Baálé wa. Wọ́n pe àwọn àgbà jọ. Làmídì ra obì, ó ra mínírà, wọ́n sì jẹ, wọ́n mu kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo tú àwọn òjé náà sórí ẹní níwájú wọn. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Baálé ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bàbá rẹ kò sí mọ́, òun ni bàbá rẹ báyìí. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ilé ó tòrò.”

“Kí ni mo ṣe, Baálé?”

“O mú orúkọ ilé jáde síta.”

Ìyá mi ló fa ìró mi láti ẹ̀yìn kí n lè kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Làmídì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì ṣàdúrà fún mi, àdúrà gígùn tó dára, àwọn àgbà sì ń ṣe àmín. Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà? Bí ẹ bá wà láàyè, ṣé ẹ̀yin náà ìbá ní kí n kúnlẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Inú agbo ilé tí ẹ ti kọ́ wa ni gbogbo wọn ti kọ́ ohun tí wọ́n ṣe.

Mi ò lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Mo ro àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ-ọmọ yín ni wọ́n, wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo kó àwọn òjé náà lọ sí ilé àrọ àwọn alágbẹ̀dẹ, mo dúró títí wọ́n fi yọ́ tán, tí orí ọba kankan kò sí lára wọn mọ́. Ọdẹ kan tó wà níbẹ̀ fẹ́ rà á fún ọta ìbọn. Mi ò tà á. Mo gbé e délé, mo jù ú sí ṣáláńgá.

Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Olúpọ̀nnà láti kìlọ̀ fún ìyá elépo. Mo sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n mú ṣílè mẹ́ta jáde.

“Bí irú èyí?” wọ́n bi mí.

Òjé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Làmídì fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n ra epo ìkómọ ọmọ rẹ̀.

“Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Mọ̀ọ́mọ́?”

“Ọjọ́ tó kó wọn fún mi ni mo ti mọ̀. Eyín tí mo fi ń gé owó wò ṣì wà lẹ́nu mi. Torí bàbá yín ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀.”

Mo ka mẹ́ta nínú àwọn ojúlówó tó kù lọ́wọ́ mi sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà. Ojú tì mí ní orúkọ yín, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú èyí tó ṣẹ́kù, mo tà á. Mo jókòó wo orí ayaba arúgbó náà nínú iná bí imú rẹ̀ ti kọ́kọ́ rì, tí ojú rẹ̀ tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ di omi. Owó náà kò tó. Mo ta òfì mi kejì lé e. Sàlámọ́tù ti wọlé báyìí, ó gbé àpótí páànù rẹ̀ lọ, ó sì ti kọ̀wé sí mi pé oúnjẹ wọn kò dùn. Mo kà á fúnra mi.

Iléyá wá dé. Àgbò tí Làmídì pa ní ọdún yìí tóbi ju èyí tí ẹnikẹ́ni ti pa rí nínú ilé yìí, kò sì sí ẹni tí kò mọ ibi tí owó rẹ̀ ti wá. Ó fi itan kan ránṣẹ́ sí mi láti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi ti gbé ìkòkò kaná. Mo da abọ́ dé e padà, mo gbé e la àárín agbo ilé kọjá lójú gbogbo ènìyàn, mo sì gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀.

“Mi ò ní lè jẹ ẹ́,” mo wí, mo sì yí padà.

Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ilé yìí, ẹnikẹ́ni kò dá ẹran Iléyá padà rí. Baálé kì í dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí wọn láàárọ̀, àwọn ìyàwó ilé sì ń gba ẹ̀yìn mi kọjá láìsọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ ilá tí kò lẹ́ran ni èmi àti ìyá mi jẹ lọ́jọ́ náà. Ìyá mi bínú, wọ́n kàn tọ́ ọ wò ni. Èmi jẹ tèmi tán, mo sì fọ àwo.

Ọmọ yín obìnrin ni mo ṣì jẹ́, mo sì fẹ́ràn yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.