Ẹjọ́ Àgádágodo àti "A Dúpẹ́" Mọ́mì

Yàrá Òkè, Ilé Aláwọ̀ Ewé,
Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Àgádágodo.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta.

Kánmọ́kánmọ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ tí orúnkún ń dùn? O kú ilé tuntun o. Ó yẹ kí n sọ pé dáadáa ni àwa náà wà níbí, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọgbọ́n lórí gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ohun tó mú mi gbé gègé gan-an nìyẹn.

O rántí pé nígbà tí Mọ́mì, ọ̀gá wa, fi ní kí o máa lọ sílé, àgádágodo òkèèrè ti gba ọjà. Iye tí wọ́n ń ta odidi kan kò tó iye tí àwa fi ń ra idẹ tí a ó fi ṣe é. A rò pé wọ́n mọ iṣẹ́ jù wá lọ ni. Àṣé ìjọba wọn ló ń bá wọn san owó iná, tó tún ń fún wọn ní idẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́mì gba lọ́yà. Lọ́yà ní òfin kan wà fún irú èyí: bí ìjọba ibòmíràn bá ń fi owó ìrànwọ́ ti àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, tí ọjà wọn sì ń pa àwọn oníṣẹ́ tiwa lára, ìjọba wa lè bu owó ibodè lé ọjà náà, ìwọ̀n tí kò ní ju ìrànwọ́ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìrànwọ́ nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ń pa wá lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Mọ́mì á ti ilé-iṣẹ́ pa. Ó ti sọ ọ́ fún wa lójúkojú.

Lọ́yà kó ẹ̀rí ìrànwọ́ jọ, kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Èmi fẹ́ kí ó mú àgádágodo òkèèrè tí aládùúgbò mi rà dé iwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà, èyí tí kọ́kọ́rọ́ àpótí mi ṣí wẹ́rẹ́. Ó ní òfin kò bèèrè bóyá ó dáa. Mo ní ó ṣeun, èmi kò kàwé òfin.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, fáànù rẹ̀ ń pariwo ju àwọn lọ́yà lọ. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn tí Mọ́mì búra tán tó sì jókòó, alága kọ́kọ́ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Báwo ni iṣẹ́?"

O mọ Mọ́mì. Òrùlé lè máa jò lé e lórí, á ní ara tu òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"A dúpẹ́, sà. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, kò sí ìyọnu kankan."

Lọ́yà àwọn tó ń kó àgádágodo wọlé ti dìde kí ó tó pa ẹnu dé. Ó bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ ní kò sí ìyọnu. Lọ́yà tiwa ní ìkíni lásán ni. Èkejì rẹ̀ ní òun kò rí i nínú òfin pé ìkíni ń tú ìbúra. Ẹyin lohùn, bó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Alága wá ní àwọn á fi ojú ara àwọn wo ilé-iṣẹ́ náà.

Kí wọ́n tó dé, lọ́yà kó gbogbo wa jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ idẹ, ó bẹ̀ wá pé òótọ́ ni kí a sọ. Ó ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bàbá Oníná tó ń yọ́ idẹ dá a lóhùn pé nílé tí wọ́n ti tọ́ òun, wọn kì í fi ẹnu ara wọn pe ibi. Gbogbo wa ṣe àmín. Lọ́yà fi ọwọ́ bojú.

Wọ́n dé lóòótọ́. Wọ́n bi Bàbá Oníná báwo ni iṣẹ́, ó ní ọpẹ́ ni. Wọ́n bi awakọ̀ tí kò rí ẹrù kó mọ́, ó ní ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wá dúró ti tábìlì ìdánwò, níbi tí mo ti ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ àgádágodo, tí mò ń ṣí i, tí mò ń tì í. Ó bi mí ní ohun kan náà. "A dúpẹ́" ti dé ètè mi. Ojú mi wá lọ sórí àga rẹ, èyí tí o máa ń jókòó lé tí o bá ń pariwo pé n kò yára. Àpò mi ni mò ń gbé lé e báyìí.

"Kò dáa, mà," ni mo wí. "Àwa mẹ́fà la máa ń jókòó sídìí tábìlì yìí. Èmi nìkan ló kù."

Ojú tì mí bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ níta gbangba. Mọ́mì kọjú sí ògiri. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bí mo bá kí i, orí ló ń mì sí mi.

Oṣù tó kọjá ni ìdájọ́ àkọ́kọ́ jáde. Wọ́n rí ìrànwọ́, wọ́n rí ìpalára, wọ́n sì ti bu owó ibodè lé àgádágodo òkèèrè ná, kí ìwádìí tó parí pátápátá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn gba àga tó ṣófo gbọ́ ju ẹnu lọ. Má rò pé ọrọ̀ ti dé o. Idẹ ṣì wọ́n. Aládùúgbò mi tiẹ̀ ń bínú pé àgádágodo yóò gbówó lórí, n kò sì lè dá a lẹ́bi.

Lánàá, Mọ́mì wá sídìí tábìlì mi. Ó ní òun lè pe ẹnì kan ṣoṣo padà ná, ta ni kí òun pè? Mo dárúkọ rẹ. Ó ní ṣebí o kọ̀wé sí òun pé, "A dúpẹ́, iṣẹ́ ń lọ dáadáa níbi tí mo wà," òun kò sì ní í fa ẹni tí ara tù kúrò níbi tó wà. Mo wò ó. Òun náà wò mí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n kọ̀wé sí ọ, kí n bi ọ́ dáadáa, òun á dúró di ìparí oṣù.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kí ìyá fún orúnkún. Bàbá Oníná kí ọ. Ó ní ọpẹ́ ni.

Mo ti gbé àpò mi kúrò lórí àga náà. Ọ̀rẹ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, báwo ni iṣẹ́?

Tìrẹ ni mí, bí o ṣe mọ̀ mí,
Rọra-ṣe.