Owó Ẹrù Orí

                                        Ilé Tíṣà,
                                        Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
                                        Ọ̀nà Akanran,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà.
                                        17 oṣù Kọkànlá, 2022.

Láoyè, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

Ṣé àlàáfíà ni Ìlọrin wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Eékún tó ń dùn ọ́ láti ìgbà òjò ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé yóò ti máa jẹ́ kí o dé ìdí rédíò báyìí. Ara tèmi le, àfi ojú tó ní kí n máa na ìwé síwájú kí n tó lè kà á, ọwọ́ mi ni kò wá gùn tó mọ́. Adébùsọ́lá ìyàwó mi ń kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ kí o tó tọ́ ọ wò.

Mo mọ̀ pé ìparí oṣù yìí lo fẹ́ wá kó àbúrò rẹ, Morẹ́nikẹ́, lọ sọ́dọ̀ rẹ, nítorí ó ti sọ fún ọ pé òun fẹ́ pa ilé gaari òun tì. Àwọn ọmọ onítíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní oríta ló ti í débẹ̀. Bí gaari rẹ̀ bá ń kọjá, wọ́n á gbowó. Bó bá dé ọjà, àwọn mìíràn á tún gbà. Bó bá sì jiyàn, wọ́n á yọ afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ tó gbé e. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì di ẹrù ìrìn-àjò yẹn. Ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá polongo ìbò lábẹ́ igi ìyeyè wa. Àrẹ̀mú Ọlájídé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ abúlé kejì ni, ìyá rẹ̀ ló ń ta ẹ̀kọ fún èmi àti ìwọ nígbà tí a jọ ń kọ́ni níbí. A kò tíì dìbò, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń pè é ní Ọ̀nọ́rébù, bí ẹni tó ń kí ìyá ìkókó nígbà tí oyún kò tíì yọ. Agbádá rẹ̀ nìkan gba àga méjì. Ọmọ ẹlẹ́kọ dìde, ó la ẹnu, gẹ̀ẹ́sì ló jáde. Ó mú ògbufọ̀ wá, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múyì, láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ.

Ó ṣèlérí ọ̀dà sójú ọ̀nà wa, tàràǹsífọ́mà tuntun, àti páànù sórí ilé ẹ̀kọ́ wa tí ìjì ṣí lórí. Lórí páànù yẹn, èmi ni mo pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú, Ọ̀nọ́rébù tú gẹ̀ẹ́sì gígùn kan sílẹ̀, Múyì sì fi tayọ̀tayọ̀ kéde pé, "Wọ́n ní bí àwọn bá ti wọlé, owó orí dópin."

O mọ̀ pé lágbègbè Akanran níhìn-ín, a kì í fi owó orí ṣeré. Àwọn baba wa ti bá ìjọba fà á rí, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìyàndá alágbẹ̀dẹ, tí ọmọbìnrin kún ilé rẹ̀, ló dìde.

"Ọ̀nọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó orí wo lẹ ń wí? Nítorí àwọn àna mi ń bọ̀ wá san owó orí Motúnráyọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n san án tán kí ẹ tó wọlé."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó igi ìyeyè. Múyì túmọ̀ ọ̀rọ̀ Ìyàndá sí gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ẹlẹ́kọ, ọmọ ẹlẹ́kọ sì dúró dè é títí ó fi túmọ̀ ọ́ tán kí òun náà tó rẹ́rìn-ín.

Inú ẹ̀rín yẹn ni àbúrò rẹ ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ, orí wa kọ́ ni wọ́n ń gbowó lé, ẹrù orí wa ni. Sọ ti oríta fún wa."

Láoyè, kò sọ ti oríta. Ó ní òun yóò gbé ìgbìmọ̀ dìde tí yóò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ìwọ náà mọ ibi tí ìgbìmọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sin. Nígbà tó rí i pé ojú àwọn obìnrin kò dán, ó fi Yorùbá pẹ̀tù sí wọn nínú: "Màmá, ẹ má bínú. Tiyín ni mí. Ilé mi, ilé yín ni. Mọ́tò mi, mọ́tò yín ni."

Àbúrò rẹ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kí Ọlọ́run sọ mọ́tò náà di méjì. Nígbà tí ìpàdé tú, tí Ọ̀nọ́rébù dé ìdí jíìpù rẹ̀, àpò gaari ló bá tó kún ẹ̀yìn rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ sì ti jókòó wọ̀ọ̀ sínú ọkọ̀. Ó ní onímọ́tò òun ti lọ jó níbi ìpolongo, ọjà kò sì ní dúró de òun. Ta ni yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú àwọn olùdìbò? Èmi náà wọlé, mo ní mo fẹ́ lọ ra oògùn ojú. O mọ̀ mí, n kì í kọ ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù.

A dé oríta. Pákó oníṣòó ló dábùú ọ̀nà. Awakọ̀ fun fèrè, fèrè, wọn kò yà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé gbogbo àwọn ọmọ náà ló wọ fáníìlà tí Ọ̀nọ́rébù pín, àwòrán rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín láyà wọn. Olórí wọn, Roheem, yọjú sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹrù wà lẹ́yìn o. Ẹ já tíkẹ́ẹ̀tì."

Ọ̀nọ́rébù sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"A mọ̀ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ wà láyà mi yìí. Ẹ̀yin kọ́ la ń gbowó lọ́wọ́ yín, gaari ni."

"Ta ló rán yín?"

"Àwọn ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

"Sà, ẹ̀yin ọ̀gá lẹ mọ ara yín."

Ó fẹ́ jiyàn. A bá gbọ́ ṣìììì nídìí táyà.

Láoyè, mo ti kọ́ni títí orí mi fi funfun, n kò rí ibi tí ẹ̀kọ́ ti yára wọlé báyẹn rí. Agbádá sọ̀ kalẹ̀ sínú oòrùn. Àwọn obìnrin tó ru ẹ̀gẹ́ dúró, àwọn ọlọ́kadà dúró. Múyì, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, sáré dé, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ ẹlẹ́kọ wá fi Yorùbá abúlé rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni mo ń gbọ́. Ó ní owó ẹrù orí yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí wọ́n máa gbà á, nínú ọjà, lẹ́yìn tí èèyàn bá tà. Ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á lójú ọ̀nà, àti pé òfin tí òun yóò kọ́kọ́ gbé síwájú ilé nìyẹn. Ó ní, "Bí mo bá wọlé tí n kò ṣe é, ibikíbi tí ẹ bá ti rí mọ́tò mi, ẹ yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀."

Àwọn obìnrin ní àṣẹ. Roheem pàápàá ṣe àṣẹ, kó tó rántí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ìlérí kì í ṣe òfin, ìbò ṣì wà níwájú, pákó oníṣòó náà sì ṣì wà ní oríta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìlérí gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ló ni ín. Èyí, ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde, lójú gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, "owó ẹrù orí" ni tọmọdé tàgbà ń wí. Morẹ́nikẹ́ sì ní kí n sọ fún ọ pé kí o má wá kó òun mọ́. Ó ní òun ní láti wà nítòsí, kí òun lè mọ ibi tí táyà ọkùnrin náà wà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí Ṣeunfúnmi ọmọ rẹ, kó má jẹ́ kí ìwé kíkà sú òun. Bí o bá ń bọ̀ wá kí wa fún ọdún, má gbé ẹrù.

Wo bí mo ti ń nu ojú. Oògùn tí mo rà kò ràn án, nítorí láti àárọ̀ ni èéfín ti ń wọlé bá mi láti ilé gaari àbúrò rẹ. Agbádá ti bá tirẹ̀ lọ, Láoyè. Agbada gaari ló kù, ó sì gbóná.

Ọ̀rẹ́ rẹ náà ni mo ṣì jẹ́,

Adéwọlé
(Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò tíì dákẹ́)