Ìlà Mẹ́ta Tí Wọ́n Yọ Nínú Iṣẹ́ Mi

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara ẹ le? Ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé dáadáa? Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, àmọ́ inú mi ò dùn, Agùntáṣọọ́lò ló sì fà á.

O mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ńlá ilé-ìwòsàn ni èmi àti òun ń kọ iṣẹ́ fún. Àṣẹ kan ṣoṣo níbẹ̀ ò lè kó ju lẹ́tà igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo wá kọ mákírò kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan tó ń dúró fún ọ̀pọ̀ àṣẹ, mo pè é ní GBEE. Tó o bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, òun fúnra ẹ̀ á to gbogbo àṣẹ tó kù, á kó dátà aláìsàn dé ibi tó ń lọ. Mo fi ìlà mẹ́ta sí i pé, bí àyè tó fẹ́ gbẹrù bá kéré, kó dá iṣẹ́ dúró.

Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan rí i pé ìparí àdírẹ́sì aláìsàn kan ti ya bo ibi tí a kọ irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sí. Ọpẹ́ ni pé wọn ò tíì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Agùntáṣọọ́lò nawọ́ sí mi, ó ní, "GBEE? Iṣẹ́ ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe fún mi ni mo ṣe lò ó." Kò wojú mi. Òun yìí náà lẹni tó jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi.

Wọ́n ní kí n lọ sílé. Ọkàn mi ò balẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kọkànlá mo padà lọ bá ìyá tó ń tọ́jú àwọn ìwé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa tí a tẹ̀ jáde. Ó tẹ́ GBEE àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà mẹ́ta náà ti pòórá, orúkọ ẹni tó yọ wọ́n sì wà níbẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ nìyí?"

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e lọ bá ọ̀gá.

Nígbà tí ọ̀gá fi ìwé náà han Agùntáṣọọ́lò, ó ní, "Àwọn ìlà yẹn ń dá iṣẹ́ mi dúró ni. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní lé ẹni tó kọ GBEE. Èmi lẹ máa lé." Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọ́n pè mí padà.

Mo gbọ́ pé ó ti ń bẹ̀ ẹ́ kó o bá òun bẹ̀ mí. Jọ̀ọ́, má tíì bẹ̀ mí. Ká ní ó jẹ́wọ́ ni, ǹ bá ti bá a tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi gbà pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pààyàn. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn ló sì ń tẹ̀ mí láago, tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Bá mi kí ọkọ ẹ àti màmá, kó o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ ẹ tí kò yí padà,
Pélébé