Ọjọ́ Tí Mo Pa Ọba Iná

Yàrá Òkè,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé,
Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti lè gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà nítorí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, irú àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò. Ohùn mi ti há, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè yín.

Kàtúnù tí mò ń fi ohùn sí ti parí. Ẹ rántí ìtàn ẹ̀: iná jó gbogbo ayé, kànga kan ṣoṣo ló kù, Ọba Iná sì ti ilẹ̀kùn kànga náà mọ́ ìyá ọmọbìnrin kan títí òùngbẹ fi pa á. Èmi ni ohùn ọmọbìnrin náà. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wá ọba yẹn kiri nínú eérú kí n lè gbẹ̀san, mò ń jẹ gbòǹgbò igi, mò ń sá fún ẹran olórí méjì, bẹ́ẹ̀ iwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mo dúró sí, tèmi ti súwẹ́tà.

Àgbà òṣèré kan tá à ń pè ní Bàbá Olóhùn ló ń fi ohùn sí Ọba Iná. Ìkà paraku nínú eré, àmọ́ àwọn ló kọ́ mi béèyàn ṣe ń mí kó tó pariwo. Àyà ti ń dùn wọ́n tipẹ́. Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n wá gba bẹ́ẹ̀dì, olùdarí wa fẹ́ wá ẹlòmíì tó lè sín ohùn wọn jẹ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé ikú àwọn fún ẹlòmíì kú.

Bá a ṣe dé apá tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọwọ́ mi tẹ ọba, ó ń tọrọ omi, ó yẹ kí n sọ pé kò sí omi fún un, kí n sì pa á. Ikọ́ tí Bàbá wú kì í ṣe ti eré. Mo sọ fún olùdarí pé n ò lè ṣe é, pé kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá máa lọ sílé ìwòsàn.

Bàbá di àga mú. "Má ṣàánú mi níbí," wọ́n ní. "Ṣe iṣẹ́ ẹ, kí n lè lọ sinmi."

Mo ṣe é. Kò sí ìbínú kankan nínú mi mọ́, ohùn jẹ́jẹ́ ló jáde, bíi ti ẹni tó fẹ́ sùn. Olùdarí ní kò gbóná tó, ká tún un ṣe. Bàbá ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọmọbìnrin yẹn ti rìn jìnnà, àárẹ̀ ti pa ìbínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Mo máa ń yà síbẹ̀, màá bá wọn fọ aṣọ, màá jókòó tì wọ́n. Dókítà ò fún mi ní ìrètí. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí ọba yẹn bá kú, ara máa tù mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ara ò tù mí rárá.

Lánàá, nọ́ọ̀sì tuntun kan bi Bàbá pé kí ni mo jẹ́ sí wọn. Ohùn ti fẹ́ẹ̀ tán lẹ́nu wọn.

"Ọmọ mi ni," wọ́n ní. "Òun ló pa mí."

Nọ́ọ̀sì náà wò mí tìfura-tìfura. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n ò sì fẹ́ fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ gan-an. Tí apá tó gbẹ̀yìn bá jáde, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń wò ó.

Èmi ni, àbúrò yín tó ti rẹ̀,
Àbíkẹ́yìn.