Ebè Tí A Kọ Sí Oko Adákólé

Bàbá mi tí mi ò lè gbàgbé,

Mo kí yín o. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé, Sàlámátù ọmọ mi tó ń ṣe tíṣà ní Akanran ló jókòó tì mí tó ń bá mi kọ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra sọ ọ́, ọwọ́ mi kì í ṣe ẹ̀rọ." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹ lè rí bó ṣe ń pàṣẹ fún mi nínú ilé ara mi.

Ara mi le. Bí mo bá ń sun iṣu, mi kì í ha ẹ̀yìn rẹ̀ tán, bí ẹ̀yin náà ti máa ń ṣe, kí n lè rí èyí tó dúdú run. Ìyàwó mi ní èédú ni mò ń jẹ. Ṣé iṣu wà lọ́dọ̀ yín? Ta ló ń bá yín sun ún?

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ rántí Adákólé, ará ọ̀nà Bẹ́núè tó wá ṣe lébìrà lọ́dọ̀ wa nígbà ayé yín, tó ń gbé òdìkejì odò. Ó ti ń hewú báyìí. Abúlé yìí ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, síbẹ̀ lébìrà náà ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ń ṣèpàdé, wọn kì í ránṣẹ́ sí i. Bí a bá ń pín ẹran iléyá, ẹran kì í sọdá odò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò gba iṣẹ́ àgbàṣe mọ́, ni mo bá fún un ní ilẹ̀ etí odò, níbi tí kòkó yín kú sí, kó máa fi dáko. Ṣé ẹ ò bínú? Igbó ló kúkú ń dì.

Àmọ́ ilẹ̀ náà ju agbára ẹnì kan lọ. Ó sọ fún mi pé bí òun ò bá rí ebè kọ kí òun rí iṣu gbìn lọ́dún yìí, òun á kó ìyàwó òun, òun á padà sílùú òun. Ó ti ń ta ewúrẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́. Bó bá lọ, ta ni n ó máa nà ní ayò nírọ̀lẹ́?

Ẹ mọ ààrò wa: lónìí oko tèmi, lọ́jọ́ míì oko ẹlòmíràn. Ẹni tí a bá bá kọ ebè gbọ́dọ̀ bá gbogbo wa kọ ọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí wọ́n mú Adákólé wọ̀ ọ́. Múfútáù, ọmọ ọ̀rẹ́ yín, tó jẹ́ olórí ààrò báyìí, kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, látìgbà àwọn bàbá wa, ọmọ onílẹ̀ ló ń ṣe ààrò." Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà ò pe àlejò sí i rí, Bàbá. Kí ló fà á? Mi ò bi yín nígbà tí ẹ lè dá mi lóhùn.

Nígbà tó kàn mí, mo ṣíwájú wọn, mo kọjá oko ara mi, mo kó wọn lọ tààrà sí etí odò. Ìyàwó Adákólé ti gbé ẹ̀wà àti gàrí kalẹ̀ sábẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣìnà oko yín ni?" Múfútáù ló bi mí.

"Ọjọ́ tèmi nìyí. Ibi tí mo bá ní kẹ́ ẹ kọ ebè sí, ibẹ̀ lẹ ó kọ ọ́ sí."

"Oko lébìrà?"

"Bó bá wù ọ́, máa lọ sílé. Èmi náà ò ní dé oko tìẹ nìyẹn."

Ó wo ẹ̀wà, ó wo ojú mi. "Ẹ̀gbọ́n yìí lágídí o!" Ló bá jókòó, ó bu gàrí.

A kọ ebè títí oòrùn fi rọ̀. Ìgbà tí à ń fọ ọkọ́ lódò lojú Múfútáù tó là. "Ẹ dúró ná! Ta ló máa wá san ebè tèmi padà?"

"Ta ló ni oko?"

Ẹ mọ bàbá Múfútáù, wọn kì í fi ebè kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ wọn ò yàtọ̀. Bí Adákólé ò bá dé oko rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà gbé. Bó bá sì dé ibẹ̀, ó ti di ará ààrò. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú sódò.

Bàbá, láàárọ̀ ọjọ́ tó kan Múfútáù, òun fúnra rẹ̀ ló sọdá odò, tó ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà wọn: "Adákólé! O fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́ ni? O jẹ mí ní ebè o! Gbé ọkọ́ rẹ!" Láti etí odò níhìn-ín ni mo ti ń gbọ́ bí ìyàwó Adákólé ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.

Oko tèmi ò tíì rí ebè tó. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń dá a kọ, ìbàdí ń ro mí, ìyàwó mi sì ń bá mi jà. Mi ò kábàámọ̀ rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lóko Múfútáù, Adákólé fi ẹ̀wà kan ẹnu, ó gbé àwo sílẹ̀. "Múfútáù, ṣé iyọ̀ ti tán lọ́jà Akanran ni? Bẹ́ ẹ bá tún sè é báyìí lọ́dún tó ń bọ̀, n ò ní wá o." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ó ní ọdún tó ń bọ̀.

Mo fẹ́ràn yín. Ojú máa ń tì mí láti sọ ọ́ nígbà tí ẹ wà.

Èmi, àkọ́bí yín.