Irin Tí Kò Yí Nínú Ọ̀sà

Òkè-Kòtò,
Agége.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ẹ̀gbọ́n Suara,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá yín gbé nínú ilé àti lórí omi. Ṣé ara yín le? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo òjò tó ń rọ̀ yìí, ọkọ̀ yín ni mo máa ń rò. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ pàdé ìjì. Bí ẹ bá béèrè àwa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Mi ò ní í purọ́ fún yín pé a wà dáadáa.

Uswat ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọkọ mi ló wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Láti ìgbà Iléyá ni wọ́n ti rí i pé egungun ìhà ọmọ ti ń hàn. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n kàn ní, "Ameenat, ọmọ kì í jẹ ìrètí. Jẹ́ kó wá bá mi jẹ iṣu títí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn." Mo di aṣọ rẹ̀ fún un. Ọmọ rò pé gbogbo wa la jọ ń lọ. Nígbà tí mọ́tò máa ṣí ní Dópẹ̀mú, ó ṣì ń fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí n wá jókòó.

Ẹ mọ̀ pé kọ́ńpìnnì ṣíbí àti abọ́ tí Bàbá Uswat ń bá ṣiṣẹ́ ní Òrégùn ti dá wọn dúró. Wọ́n ní SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé yìí, kò jẹ́ kí irin wọlé mọ́. Dípò owó, páálí ṣíbí ni wọ́n kó fún oníkálukú. A ò sì rí ẹni tà á fún, torí gbogbo àwọn tí wọ́n dá dúró ló gbé tiwọn wá sí Dópẹ̀mú. Obìnrin kan dúró níwájú àtẹ mi, ó ní, "Ìyá Uswat, ṣíbí kún ilé wa. Ohun tí a máa fi ṣíbí bù ni kí ẹ wá tà." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá tún ṣe?

Ibẹ̀ ni Muhydeen ọkọ mi ti ronú kan ẹ̀yin apẹja. Ó rántí irin dídán tí ẹ máa ń so mọ́ òkè ìwọ̀, tó máa ń yí bírí bírí kí ẹja ńlá lè rò pé ẹja kékeré ló ń sá lọ. Ó gé orí ṣíbí, ó lù ú pẹlẹbẹ, ó fi fáìlì ha etí rẹ̀, ó lu ihò sí i. Ó ṣe èyí tó róbótó bíi kọ́bọ̀, ó ṣe èyí tó dà bí ẹyin, ó sì ṣe èyí tó gùn tó ṣe ṣóńṣó bí ewé mángòrò. Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ló ti dán wọn wò lẹ́yìn òjò, nígbà tí omi ń sáré lọ. Ewé mángòrò yẹn yí, ó ń kọ mànà! Kọ́bọ̀ kàn ń léfòó sókè ni. Gbogbo ará ilé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Bàbá Uswat ti di ẹni tí òyìnbó máa wá gbà síṣẹ́.

Ó fi ewé mángòrò díẹ̀ rán dírẹ́bà mọ́tò Ẹ̀pẹ́ kan sí yín. Ohun tí ẹ sọ padà ni pé, "Ẹ sọ fún àna mi pé ó dára, ó ń dán, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí ló gbára lé tó fi gé ṣíbí wa páálí lórí páálí sí ewé mángòrò. Ó kó wọn fún Tinúadé tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ pé kó bá wa tà á.

Tinúadé ti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ó gbé e wá sílé wa nígbà tí Bàbá Uswat ò sí nílé. Ó ní, "Má bínú, Ìyá Uswat. Ọ̀sà wa kì í sáré bíi gọ́tà yín. Omi ibẹ̀ dúró, ó sì rú lásìkò yìí. Béèyàn bá ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ewé yín ò ní í yí, á kàn máa wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ bí òkú ẹja, àfi kéèyàn máa wà á bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Èyí tó róbótó ló ń yí nínú omi jẹ́jẹ́. Á máa gbọn omi, ẹja á ti mọ̀ ọ́n lára kó tó fojú rí i." Ó wá wò mí lójú. "Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ ò sọ fún yín ni? Ọjọ́ tó dán an wò ló ti sọ ọ́ fún gbogbo wa létí omi."

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ àna. Bí àna bá gbé ọbẹ̀ tó ti kan síwájú ẹni, ńṣe lèèyàn á ní òun ti yó. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni, òótọ́ ló pè é. Irin tí wọ́n sì ti gé ní ṣóńṣó kò ṣeé sọ di róbótó mọ́.

Páálí kan ló kù. Ó ní lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gé e, ewé mángòrò náà ló sì tún fẹ́ gé. Ó ní, "Oníṣòwò ni Tinúadé, ó fẹ́ ká tà á fóun ní ọ̀pọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ apẹja gan-an ní ó dára." Mi ò lè la ohun tí ẹ sọ létí omi fún un. Bí mo bá là á, ohun tó máa gbọ́ ni pé àwọn ẹbí mi ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ létí omi, tí wọ́n sì ń yìn ín lójú. Ojú á tì í, kò sì ní í dé Ẹ̀pẹ́ mọ́ láéláé. Ẹnu yín ló gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé èyí tó róbótó ni kó gé. Ìyá ọkọ mi ti ní bí èyí tó kù yìí bá tà, àwọn á dá Uswat padà kí ilé ìwé tó wọlé. Bí kò bá tà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ta ló máa tún lọ mú un kúrò?

Kí Ọlọ́run fi ẹja kún ọkọ̀ yín. Kó máa mú yín lọ, kó máa mú yín bọ̀ láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ gbé dàgbà létí ọ̀sà,
Ameenat.

Àfikún: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fèsì sí mi. Bàbá Uswat ni kí ẹ kọ ọ́ sí, bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún irin náà dán wò ni. Ẹ má sì fi ìyìn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti yìn ín, kò ní í ka èyí tó kù.