Pèrègún Bàbá Ti Wà ní Òdìkejì Odò

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kejì, 1986

Ojú ṣì ń tì mí. Ọ̀sẹ̀ kan péré tí mo ti Kánò dé sí Ọ̀rányàn lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá, mo ti lọ ka Àlhájì, aládùúgbò wa tó wà ní òdìkejì odò, mọ́lé láàárọ̀. Mo ní wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ dí odò kí wọ́n lè gba ilẹ̀ bàbá mi.

Bàbá arúgbó náà ò bínú. "Ìyá Bọ́lá, wá wo nǹkan."

Pèrègún tí Bàbá fi pààlà ló wà lẹ́yìn ilé wọn, láàárín iyanrìn! Ẹ̀gbẹ́ odò tiwa ló wà nígbà tí mo ń lọ sí Kánò.

"Ta ló hú u wá síbí, Àlhájì?"

"Kò sẹ́ni tó hú u. Ṣé o rántí pé ńṣe ni odò máa ń yípo pèrègún yìí? Lọ́dọọdún, tí òjò bá dé, á gé díẹ̀ nínú ilẹ̀ yín, títí ó fi là á já, tí pèrègún wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tiwa. Ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ló di iyanrìn."

Mo fọwọ́ kan pèrègún náà. Kò kúrò lójú kan rárá.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ yín náà ṣì ni. Ẹ kàn máa wọdò kí ẹ tó débẹ̀ ni."

Mo wọdò padà sílé. Ọlọ́run mi! Omi tó la ilẹ̀ bàbá mi já, kò mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀.